Ẹ Gba Ìlà Kan Lọ́wọ́ Ọkọ̀

Bí wọ́n bá ní kí n wá ilẹ̀ tó yẹ kẹ̀kẹ́ ológeere jù, n kò ní kọjá etí òkun wa. Láti Bàdágìrì títí dé Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, òkun ń bẹ ní gúúsù, ọ̀sà ń bẹ ní àríwá, iyanrìn ló wà láàárín. Òkè tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ máa bá pàdé níbẹ̀ kò ju afárá tí ọmọ aráyé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ jáde sójú títì Èkó ní ọ̀sán gangan, ọkàn àwọn ará ilé rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí yóò fi wọlé. Ìwà ìkà ni mo pe èyí. N kò pè é ní àìsí owó, n kò sì pè é ní àìráyè ìjọba. A jókòó ni, a pinnu pé ọkọ̀ ló ni gbogbo ọ̀dà tí a bá dà sórí ilẹ̀ yìí, kí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ máa fi etí gọ́tà rìn. Ohun tí mo ń béèrè fún kò lọ́jú pọ̀: ká gba ìlà kan lọ́wọ́ ọkọ̀ lórí gbogbo ọ̀nà ńlá tó bá ọ̀sà àti òkun rìn, ká fi ògiri kọnkéré yà á sọ́tọ̀, ká fi fún kẹ̀kẹ́. Ká sì bẹ̀rẹ̀ láti orí afárá Third Mainland.

Ọdún 1990 ni Ààrẹ Ibrahim Babangida ṣí afárá yẹn. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8. Ìlà mẹ́jọ ni ọkọ̀ ní lórí rẹ̀, mẹ́rin ní àlọ, mẹ́rin ní àbọ̀. Ó bọ́ sórí ọ̀sà ní Òwóròńṣòkí, ó gba iwájú Yunifásítì Èkó àti Mákòókò, ó já sí Adénìjí Adélé ní Erékùṣù Èkó. Nínú gbogbo ìlà mẹ́jọ náà, kò sí ẹsẹ̀ bàtà kan tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́. Ẹ wá wo Zeeland ní Netherlands, ẹkùn tó kún fún erékùṣù àti omi bíi tiwa. Ní 1965 ni wọ́n ṣí afárá Zeelandbrug níbẹ̀. Ó gùn ju kìlómítà márùn-ún lọ, òun ló gùn jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì wà lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè gùn ún sọdá láìbá ọkọ̀ du ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lóhùn pé àṣà òyìnbó nìyẹn, kí ó fetí sílẹ̀. Ní 1971, ìjàǹbá ọkọ̀ pa ju 3,000 ènìyàn lọ ní Netherlands, ọmọdé inú wọn lé ní 400. Àwọn òbí dìde. Wọ́n kó ọmọ àti kẹ̀kẹ́ sójú títì, wọ́n dí i pa, wọ́n ní ẹ dẹ́kun pípa ọmọ wa. Stop de Kindermoord ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí epo sì wọ́n ní 1973, ìjọba wọn ní kí ọkọ̀ má jáde lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ènìyàn sì fojú ara wọn rí bí títì ṣe rí láìsí ọkọ̀. Ìbínú ìyá àti bàbá ló bí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí à ń yìn lónìí. Kò sí ọmọ Netherlands kankan tó gbé e wá láti ọ̀run.

Àwọn tí kò gun kẹ̀kẹ́ jìnnà rí rò pé eré ọmọdé ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ń gun òkè mọ̀ pé bí òun bá ti dé orí rẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ń dúró de òun, ẹsẹ̀ yóò sinmi. Létí òkun, ìsọ̀kalẹ̀ kò sí. Bí o bá dá pẹ́dà dúró, kẹ̀kẹ́ náà á dúró. Atẹ́gùn ni òkè tiwa, kì í sì í ní téńté. Àwọn ará Zeeland mọ èyí débi pé wọ́n dá ìdíje sílẹ̀ fún un, lórí ìdènà omi òkun tí wọ́n ń pè ní Oosterscheldekering: kẹ̀kẹ́ lásán tí kò ní jíà, kìlómítà mẹ́jọ àti ààbọ̀, ìwọ àti atẹ́gùn lójúkojú. Bí ìjì kò bá le tó, wọn kì í ṣe é. Níbẹ̀ náà ni ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá Tour de France gbà ní 2015, ní ọjọ́ kejì ìdíje, tó parí sí erékùṣù Neeltje Jans. Òkè kankan kò sí lọ́nà ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn já àwọn agunkẹ̀kẹ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Nairo Quintana ọmọ Kòlóńbíà, tí òkè gíga kì í bà lẹ́rù, sì pàdánù ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ilẹ̀ tí kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan.

Ìdí rèé tí inú fi ń bí mi bí ọlọ́kọ̀ bá ń fun fèrè mọ́ àwa agunkẹ̀kẹ́ pé kí ló dé tí a fi tò ní méjì-méjì. Ẹni tó wà níwájú ló ń la atẹ́gùn fún ẹni tó wà lẹ́yìn. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn á gbà á. Bí atẹ́gùn bá sì ti ìhà òkun fẹ́ wá, ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ kó tó lè rí ibi sá sí, ìlà wa á sì dagun lójú títì. Ẹni tó ń gùn létí òkun nílò fífẹ̀ ọ̀nà ju ẹni tó ń gùn láàárín òkè lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìlà ọ̀dà funfun tó fẹ̀ níwọ̀n apá wá tàn wá jẹ pé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ọ̀dà kì í dá dánfó dúró.

Bí a bá kọrí sí Ẹ̀pẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, atẹ́gùn gúúsù-ìwọ̀-oòrùn á máa tì wá lẹ́yìn. A ó kọjá Ajah, a ó kọjá Ṣàngótẹ̀dó, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, òórùn omi àti èéfín ẹja á gba imú wa, igi àgbọn á hàn lọ́ọ̀ọ́kán. N kò mọ ayọ̀ tó jọ ọ́. Ìpadàbọ̀ ni ogun. Atẹ́gùn tó tì wá lọ ti wá dúró síwájú wa, tírélà náà sì ti jí. Láti ìgbà tí èbúté Lekki ti ṣí ní 2023, tí ilé ìfọpo Dangote sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ti ẹlẹ́ran ara mọ́. Típà á da iyanrìn sí etí títì, etí títì náà sì ni wọ́n ní kí a máa gbà. Táyà kẹ̀kẹ́ wa tín-ín-rín. Bó bá bọ́ sínú iyanrìn, yíyọ̀ ló kù. Mo ti rí ẹni tó ṣubú báyìí, tí ẹsẹ̀ tírélà sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó dìde, kò sọ̀rọ̀, ó wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú koríko, ó jókòó. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí san owó ibodè nítorí pé ó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní ìlú rẹ̀.

Àwọn kan á ní eré ìdárayá olówó nìyẹn, kí ló kan ìjọba? Kí wọ́n jí ní kùtùkùtù, kí wọ́n lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà èyíkéyìí ní Lekki. Ọlọ́dẹ tó ṣiṣẹ́ òru ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé, ẹni tó ń tún ọgbà ṣe ń gùn ún bọ̀ wá síbi iṣẹ́, kò sí akoto lórí wọn, kò sí iná lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n ju àwa tí a wọ ṣòkòtò fífúnmọ́ra lọ fíìfíì, àwọn sì ni ọkọ̀ ń gbá tí ìròyìn kì í gbé. Àwọn mìíràn á tún yí i padà, wọ́n á ní ohun tálákà ni kẹ̀kẹ́, pé ìlú tó ń dàgbà kì í padà sẹ́yìn. Wọ́n ti gbàgbé ilé tí wọ́n ti wá. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ Raleigh ti di gbajúmọ̀ ní ìletò. Tíṣà ló ń gùn ún, akọ̀wé ló ń gùn ún, àgbẹ̀ kòkó tí ọjà bá gbè á rà á kó tó kan páànù sórí ilé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 pàápàá kò gbàgbé rẹ̀: nínú iṣẹ́ tó yàn fún ìjọba ìbílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa fún kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ní láísẹ́ǹsì. Òfin mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ wà lójú títì. Àwọn tó ń ya àwòrán títì ni kò mọ̀.

Àwọn mìíràn á ní oòrùn pọ̀ jù, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Oòrùn tó ń pa ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ náà ló ń pa ẹni tó dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀, ẹni tó sì ń rìn ti rí atẹ́gùn ju ẹni tó dúró lọ.

Ohun tó ń dun mí jù ni àwọn ará Áfíríkà ẹlẹgbẹ́ wa. Kigali, olú ìlú Rwanda tó jẹ́ pé òkè lórí òkè ni, ti ń ti àwọn títì kan mọ́ ọkọ̀ ní àwọn ọjọ́ Àìkú láti 2016, kí ará ìlú lè jáde wá sáré, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìlú náà gba ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì àgbáyé lálejò, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Agunkẹ̀kẹ́ Biniam Girmay jáde láti Asmara, olú ìlú Eritrea tó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 2,300, ó jáwé olúborí lọ́jọ́ mẹ́ta nínú Tour de France 2024, ó sì gba ẹ̀wù àwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tó kó máàkì jù níbẹ̀. Ní ọdún kan náà, ní Olimpíìkì Paris, Ese Lovina Ukpeseraye tó ń ṣojú Nàìjíríà kò ní kẹ̀kẹ́ tí yóò fi kópa nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ inú gbọ̀ngàn. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Ibo ni ọmọ wa ti fẹ́ kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, nígbà tí kò sí kìlómítà mẹ́wàá kan ṣoṣo tí òbí lè tú u sílẹ̀ sí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀?

Ó ku àtakò tí wọ́n kà sí èyí tó le jù: bí ẹ bá gba ìlà kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á wa ìlú mọ́lẹ̀. Mélòó ni ìlà náà báyìí? Mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì wà lórí Third Mainland ní òwúrọ̀, ó wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìlà mẹ́rin kò tó ọkọ̀, mẹ́fà kò ní tó o, nítorí bí a bá ṣe ń fún un láyè ni yóò ṣe máa pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá Lekki sí Ìkòyí ní 2013, wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí i. Ta ló bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n tó jáde? Láràárọ̀ ni wọ́n ń sáré níbẹ̀, tàgbà tèwe. Ní oṣù Kẹfà 2022, ìjọba lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tí ọ̀kadà ń gbé láti ibùdókọ̀ dé ilé, kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta, kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún un? Kẹ̀kẹ́ lè ṣe iṣẹ́ náà, láìfọhùn, láìmu epo. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ gbé ìlànà kan jáde ní 2018 lórí ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Mo fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Orí títì ni mo fẹ́ kí n ti rí i báyìí.

Ibi tó yẹ kí a ti kọ́kọ́ pariwo ni ọ̀nà etí òkun tí wọ́n ń ṣe láti Victoria Island lọ sí Kàlàbá. Nǹkan bíi kìlómítà 700 ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì ṣí apá àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2025. A ti jà lórí iye owó rẹ̀, a ti jà lórí ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wó létí òkun, ìjà tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ibi tí ọmọ Ìbẹ̀jú máa gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbà? Kọnkéré ni wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí a kò bá yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ lónìí, ọmọ ọmọ wa ni yóò máa jìyà rẹ̀. Ilẹ̀ etí òkun yìí kò sì parí sí Sèmè. Ẹni tó bá kọjá ibodè, tó gba Kútọnu, tó bọ́ sí ọ̀nà etí òkun tó lọ sí Wídà, tó kọjá Grand-Popo àti Aného wọ Lomé, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan náà ló wà, ọ̀sà lápá ọ̀tún, òkun lápá òsì. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ dé Lomé ṣeé ṣe. Ìran tiwa yìí ló yẹ kó ṣe é.

Mo ní gbólóhùn kan fún àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ wa náà, pàápàá àwọn tí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé lẹ́yìn tó ń tan iná wìnwìn. Ẹ ti rí ààbò rà, ẹ sì ti dákẹ́. Ọlọ́dẹ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò lè ra tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ aṣòfin, ẹ̀yin lẹ mọ kọmíṣánnà, àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ ń bá yín gùn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ti Third Mainland mọ́ ọkọ̀ lápá kan ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, láti aago márùn-ún sí mẹ́wàá, kí gbogbo Èkó wá gùn ún. Ọkọ̀ á gba apá kejì, wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún afárá náà ṣe, ìlú kò sì parẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kó ògiri kọnkéré wá.