Ìbò Yín Jẹ́ Àṣírí, Ìbuwọ́lù Yín Kò Rí Bẹ́ẹ̀

Nígbà tí olùdìbò bá wọ àgọ́ ìdìbò, kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹgbẹ́ tó tẹ̀ka fún. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fún ará ìlú láǹfààní láti buwọ́ lù, tí kò ní irú ìbòjú bẹ́ẹ̀. Òun ni ìwé ẹ̀hónú tí a fi ń pe aṣòfin padà wálé kí sáà rẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú ti sọ èrò ọkàn rẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Abala 69 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 ló sọ bí a ṣe lè pe sẹ́nétọ̀ tàbí ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin padà. Abala 110 sọ ti ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀. (Gómìnà kò sí nínú ètò yìí; ọwọ́ àwọn aṣòfin ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà, lábẹ́ abala 188.) Àwọn tó buwọ́ lu ìwé náà gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ, kì í ṣe ìdajì àwọn tó jáde dìbò. Ní ọdún 2010, nígbà tí a ṣe àtúnṣe àkọ́kọ́ sí Ìwé Òfin náà, a fi kún un pé Àjọ Elétò Ìdìbò, INEC, gbọ́dọ̀ yẹ àwọn ìbuwọ́lù náà wò, kí ó sì fìdí wọn múlẹ̀. Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló gbé gbogbo ètò náà ró lónìí.

Ẹ wo ìpínlẹ̀ Kogi. Ní ọdún 2017, wọ́n kó ìwé ẹ̀hónú lọ bá INEC láti pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà, ẹni tó ń ṣojú ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Kogi, níbi tí àwọn Yorùbá Okun wà. Orúkọ tó lé ní 188,000 ló wà nínú rẹ̀, nínú 351,146 olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀. Lójú ìwé, ó ti ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí INEC ní kí àwọn tó buwọ́ lù ú jáde sí ibùdó ìdìbò wọn ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 2018, ènìyàn 18,762 péré ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìyẹn ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ẹkùn náà. Ètò náà forí ṣánpọ́n. Bóyá ẹ̀rù ló ba àwọn yòókù, bóyá wọn kò sì buwọ́ lu nǹkan kan rí, ìwé kò lè sọ fún wa.

Ní ọdún 2025, ó kan Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan ti ẹkùn Àárín-Gbùngbùn Kogi. Àpò mẹ́fà ni wọ́n fi kó ìwé wá. Olùdìbò 474,554 ló forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ìbuwọ́lù tí òfin ń béèrè kò gbọdọ̀ dín ní 237,278. INEC kà á, ó bá 208,132, ìdá 43.86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ dé ibi àyẹ̀wò ojúkojú.

Ibí ni ọ̀rọ̀ àṣírí ti wọlé, nítorí a kò lè yẹ ìbuwọ́lù wò láì mọ ẹni tó ni ín. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Abuja pàṣẹ pé kí INEC fún Melaye ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀hónú náà àti àkójọ orúkọ àwọn tó buwọ́ lù ú kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé aṣòfin tí ẹ fẹ́ pè padà lè ka orúkọ yín. Irú awuyewuye yìí ti wáyé ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní ọdún 2010, adájọ́ 8 nínú 9 ní Ilé-ẹjọ́ Gígajùlọ wọn sọ pé kíkéde orúkọ àwọn tó buwọ́ lu ìwé ẹ̀hónú kò lòdì sí òfin ní gbogbogbòò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ìdúnkookò ń bẹ níwájú lè bẹ ilé-ẹjọ́ fún ààbò. Lójú tiwa, àṣẹ ilé-ẹjọ́ Abuja tọ́: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó fẹ̀sùn kàn án. Síbẹ̀, ewu tó wà fún olùkọ́ tàbí ìyálọ́jà tó ń gbé ládùúgbò kan náà pẹ̀lú aṣòfin kì í ṣe kékeré, abala 69 àti 110 kò sì mẹ́nu ba ààbò rẹ̀.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ọdún 2023 ní kí ẹni tó ń gba ìròyìn ara ẹni lọ́wọ́ ènìyàn sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé orúkọ wá sí ẹnu ọ̀nà yín pé ti owó ìrànwọ́ tàbí oúnjẹ ni, ṣùgbọ́n tó ń béèrè nọ́ńbà káàdì ìdìbò àti ìtẹ̀ka yín, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lókè ìwé náà; ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó pe ọmọ rẹ̀ kà á.

Ẹni tó bá sì fi tọkàntọkàn buwọ́ lù ú, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sí ibùdó ìdìbò rẹ̀, tí wọn yóò fi ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ ẹ́ wò ní gbangba, níṣojú àwọn aṣojú ìhà méjèèjì. Bí iye tó yege bá ju ìdajì lọ, ó ku ìdìbò bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́, tí INEC gbọ́dọ̀ ṣe láàárín 90 ọjọ́ tí ìwé ẹ̀hónú dé ọwọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni olùdìbò yóò tún ti padà sínú àgọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tó tẹ̀ka sí.