Ọwọ́ Ni Ká Kọ́kọ́ Tún Ṣe

Àwa tí à ń fi Ruger 10/22 yìnbọn sí pátákó ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Láti 1964 tí ìbọn yìí ti jáde, ohun tó mú un dùn ún ní ni pé ó rọrùn láti tú. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló de ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ara. Àmọ́ títú yìí ti di àrùn sí wa lára: lónìí ọ̀pá tuntun, lọ́la ìdí tuntun, lọ́túnla awò tó fẹ́ẹ̀ tóbi ju ìbọn lọ. Ibi tí ọta ń bà, kò yí padà!

Àìmọ̀ọ́jó ló ń sọ pé ilẹ̀ ò tẹ́jú. Owó ọ̀pá kan á ra ọta .22 tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ẹ ra oríṣi mẹ́rin, ẹ yin márùn-márùn nínú wọn ní àádọ́ta yáàdì. Ẹ ó rí i pé ìbọn kan náà fẹ́ràn ọta kan ju òmíràn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yìn ín lọ.

Ọdẹ ilé wa tó gbé ṣakabùlà, ẹ̀ẹ̀kan ló ń yìn kó tó tún ki ẹ̀tù. Kí ló fẹ́ pààrọ̀? Ojú, èémí àti sùúrù ló kọ́.

Bí irin tí ìka ń fà bá le jù, a gbà, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fúyẹ́ débi pé ìbọn á dún kẹ́ ẹ tó ṣetán. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, ewu ni.