Okùn Pupa Yẹn Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣọ́

Tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù kò bá sáré, àwọn kan á ní ẹ́ńjìnnì ńlá ló kù. Mi ò gbà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ga jù nídìí ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ni abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á máa gbá. Tó bá wọlẹ̀ jù, omi á máa fà á sẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ tún ìdúró rẹ̀ ṣe ná.

Èyí tó ká mi lára jù ni okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Bí awakọ̀ kò bá so ó mọ́wọ́, tí ìgbì wá gbé e jù sómi, ta ló fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì? Ọkọ̀ lè yí po, kí abẹ̀bẹ̀ padà wá bá a.

Ká tó wọkọ̀, ẹ jẹ́ ká máa bèèrè: "Bọ̀dá, okùn yín ńkọ́?"