Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí Superman fò nínú sinimá ọdún 1978, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìkẹrin rẹ̀, ti ọdún 1987, já wa kulẹ̀. Àwòrán fífò kan náà ni wọ́n ń tún lò ṣáá. Milton Keynes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe New York.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Christopher Reeve ni kò mọṣẹ́, àwa kò gbà: òun náà ló ṣe ti àkọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ Cannon ló gé owó eré náà kù bí ìdajì.

Ọ̀gá tí kò ra bíréèkì tuntun, kí ó má bú dẹ́rẹ́bà. Kí á tó gba ẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè: èló lẹ ná sí i?