Granados Mú Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Bọ̀ Wá Sílé

Àwọn àgbà ní, àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Òwe yìí bá Enrique Granados mu, ọmọ ilẹ̀ Spéìn tí a bí ní ìlú Lleida ní ọdún 1867, ẹni tí ó mọ dùùrù í tẹ̀, tí ó sì mọ orin í kọ sílẹ̀.

Felip Pedrell, olùkọ́ rẹ̀ ní Barcelona, ni ó là á yé e pé lórí orin ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbé orin rẹ̀ kà. Ní 1887 Granados lọ sí Paris. Àìsàn kò jẹ́ kí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin ìjọba níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ìrètí nù. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Charles de Bériot, ó sì padà sílé ní 1889.

Kí ni ó wá fi ìmọ̀ òkèèrè ṣe? Ó fi kọ orin ijó Spéìn méjìlá fún dùùrù. Ní 1901 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní Barcelona, ó sì kọ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa bí a ti í fi ẹsẹ̀ lo dùùrù.

Àwọn kan a máa wí pé iṣẹ́ olùkọ́ a máa jẹ ẹ̀bùn ẹni run. Lójú tiwọn, ògo Granados ni ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1916, tí a ṣe Goyescas, eré olórin rẹ̀, ní Metropolitan Opera ní New York, lẹ́yìn èyí tí ó tẹ dùùrù níwájú Ààrẹ Wilson. Èmi kò bá wọn jiyàn pé ọlá ńlá ni. Ṣùgbọ́n oṣù méjì kò pé lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta, tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì fi ta ọkọ̀ Sussex ní ọta láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Granados àti Amparo aya rẹ̀ bá omi lọ. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò bá wọn rì. Frank Marshall, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni ó gbà á ṣe. Ọ̀dọ̀ Marshall ni Alicia de Larrocha sì ti kọ́ṣẹ́, obìnrin tí ó gbé orin Granados dé etí gbogbo ayé. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í fi í rọ́pò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yín. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò fi kọ́ ẹlòmíràn, òun àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni yóò jọ wọ sàréè.