Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Kí Ni Ó Wà Nínú Rẹ̀?

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ojoojúmọ́ ni à ń gbọ́ lórí rédíò pé a ná àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà sórí iṣẹ́ kan. Gbogbo wa mọ̀ pé mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó lè sọ ohun tí ọ̀kẹ́ jẹ́?

Àpò ni ọ̀kẹ́. Nígbà tí àwọn baba wa ń ná owó ẹyọ, 20,000 ẹyọ ni wọ́n ń kà sí ọ̀kẹ́ kan. Bí a bá to irú àpò bẹ́ẹ̀ jọ ní àádọ́ta, ẹyọ inú wọn yóò pé 1,000,000, láìlé, láìdín. Ìṣirò sì ni àádọ́ta pàápàá: ẹ̀wá ni a yọ kúrò nínú ọgọ́ta, ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta.

Owó ẹyọ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Pọ́n-ùn àti ṣílè dé, wọ́n sì lọ. Náírà gba ipò wọn ní ọdún 1973. Síbẹ̀, ọ̀kẹ́ kò kúrò lẹ́nu wa.

Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé kò lè ka oókan dé ọgọ́rùn-ún ní èdè Yorùbá mọ́. Ẹni tí ó sọ òǹkà nù, ó sọ ìṣirò àti ìtàn nù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kọ́ wọn ní àkọ́sórí lásán. Ẹ tú òǹkà náà palẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣí ọ̀kẹ́, kí ọmọ rí inú rẹ̀.