Ẹ bèèrè ilé ìwé kí ẹ tó bèèrè bàtà bọ́ọ̀lù

Ní agbègbè Riviera nílùú Abidjan ni Sol Béni wà, ibùdó ìgbáradì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ASEC Mimosas. Ibẹ̀ ni Jean-Marc Guillou, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1994. Kò wá ẹni tó ti gbajúmọ̀ kiri. Àwọn ọmọdé ló ṣà jọ: wọ́n ń gbé inú ọgbà, wọ́n ń kàwé, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó fún wọn ní bàtà.

Ní oṣù Kejì ọdún 1999, àwọn ọmọ yìí ni ASEC kó jáde láti bá Espérance ti Tunisia wàákò nínú ìdíje Super Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé ogún ọdún. Àmì ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan ni wọ́n fi borí lẹ́yìn àfikún àsìkò. Kolo Touré wà níbẹ̀, Didier Zokora àti Aruna Dindane náà wà níbẹ̀. Yaya Touré, Salomon Kalou àti Gervinho tún jáde láti ọgbà kan náà.

Orúkọ àwọn wọ̀nyí ni gbogbo ẹni tó bá ń wá ọmọ kiri fi ń polówó. Ta ló ń dárúkọ àwọn tí orúnkún wọn bàjẹ́ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún?

Àǹfààní ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí pọ̀. Ìyá lè wọ ọkọ̀ gbaka lọ wo ọmọ rẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tó ń sùn. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ti ọkùnrin tó ń wọ Treichville, tó ń sọ fún àwọn òbí, títí kan àwọn ará Ejigbo tó ń ṣòwò níbẹ̀, pé òun máa mú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ sí Yúróòpù, kí wọ́n ṣáà san owó ìwé ìrìnnà. Òfin FIFA kò fàyè gba kí ẹgbẹ́ òkèèrè gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, àfi nínú ìdí díẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àmọ́ ìtòsí nìkan kò tó. Nígbà tí Guillou lọ sí Beveren ní Belgium lọ́dún 2001, àwọn ọmọ tẹ̀lé e lọ́wọ̀ọ̀wọ́, débi pé ọmọ Ivory Coast ló pọ̀ jù nínú ikọ̀ Beveren tó dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Belgium lọ́dún 2004. Lórí tẹlifíṣọ̀n ni Abidjan ti ń wo wọn.

Ẹgbẹ́ ní ọ̀nà tó ń gbà rí tirẹ̀: bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlélógún. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rà ńkọ́? Ìwé tó kà nìkan ló máa gbé kúrò lọ́gbà.

Nítorí náà, bí àwọn awáṣẹ́gbà bọ́ọ̀lù bá kanlẹ̀kùn, kí òbí má bèèrè iye gbàgede tí wọ́n ní. Kó ní kí wọ́n mú èsì ìdánwò BEPC ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jáde, àti ti àwọn tí wọ́n ti dá padà sílé.